Mọ́kànlélógójì

Ilé tí wọ́n ti ń lọ igi di pépà nígbà kan,
létí odò tó dì gbagidi ní àríwá Finland,
ibẹ̀ ni mo ti ń ṣọ́ àwọn kọ̀ǹpútà lóru.
Iṣẹ́ mi ò ju bẹ́ẹ̀ lọ:
kí n jókòó, kí n mu kọfí, kí n má fojú kúrò lára gíláàsì.
Ẹ̀rọ ń sọ, èmi ń ṣọ́.

Fáànù ń sọ iye ìgbà tó yí láàárín ìṣẹ́jú kan.
Bátìrì ń sọ bí òun yóò ti pẹ́ tó bí iná bá lọ.
Díìsìkì ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀ láìtijú,
ó ń ka egbò ara rẹ̀ bí ẹni ń ka owó:
méjì lánàá, mẹ́ta lónìí, ẹ má tíì bẹ̀rù.
Gbogbo wọn wọ àwọ̀ ewé,
ewé tútù yọ̀yọ̀
nínú oṣù tí igi ìta ò ní ewé kan lórí.

Reijo Heikkuri wọlé ní aago méjì,
yìnyín nínú irùngbọ̀n, búrẹ́dì dúdú lábẹ́ abíyá.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi bá ẹ̀rọ pépà ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí kan náà
kí wọ́n tó tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, tí wọ́n tà á ní kílò kílò.
Wọ́n ní kó máa wá ti ilẹ̀kùn, kó máa gbá yìnyín.
Kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà; kò sì bèèrè rí.
Ó dúró. Ó ṣí fìlà.
"Ọmọ mi, ta ló ń ráhùn níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní kò sẹ́ni tó ń ráhùn. Ẹ wò ó, ewé ni gbogbo rẹ̀.
Kò wò ó.
Ó gbé ọ̀pá ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó fi ìdí ọ̀pá ti àpótí kẹtàdínlógún,
ó fi orí ọ̀pá kan etí ara rẹ̀,
bí wọ́n ti ń gbọ́ ìkérora irin láyé ìgbà tiwọn,
ó sì dijú.

Mo padà sídìí gíláàsì, inú ń bí mi díẹ̀.
Àpótí kẹtàdínlógún. Ìgbóná: mọ́kànlélógójì.
Mo ka àkọsílẹ̀ padà sẹ́yìn.
Aago kan: mọ́kànlélógójì.
Alẹ́ àná: mọ́kànlélógójì.
Ọjọ́ Sátidé tí a gbàgbé ilẹ̀kùn ní ṣíṣí fún òtútù:
mọ́kànlélógójì.
Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kò gòkè, kò sọ̀.
Háà. Kí ló wà láàyè tí í dúró sójú kan?
Òkúta pàápàá a máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́sàn-án.
Ẹ̀yà kékeré tó ń wọn ooru ti kú,
ó kú tòun tọ̀rọ̀ lẹ́nu,
àwa sì ń pe ọ̀rọ̀ ẹnu òkú ní àlàáfíà.

A ṣí àpótí. Ooru là wá lójú
bí ìgbà tí wọ́n bomi sórí òkúta gbígbóná nílé ìwẹ̀ wa.
Fáànù kẹta ti há.
Reijo fi ìka kan yí i; ó yí ìlàjì, ó dúró.
"Òun nìyẹn," ló wí,
bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀ rẹ̀ lórí ibùsùn ọsibítù.
Mo pààrọ̀ èyí tó ń wọn ooru, mo pààrọ̀ fáànù.
Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn:
méjìdínláàádọ́rùn-ún, ọgọ́rin, mẹ́rìndínláàádọ́rin.
Gíláàsì pọ́n kanlẹ̀, inú mi sì dùn sí pupa náà.
A jẹ búrẹ́dì. Ó bi mí bóyá àwọn òbí mi ṣì wà.

Bàbá mi ń dá gbé ní òdìkejì adágún.
Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń pè é.
"Ṣé kò sí, Bàbá?"
"Kò sí nǹkan."
Ọ̀sẹ̀ tó kọjá: kò sí nǹkan.
Kérésì: kò sí nǹkan.
Ọdún tí a sin ìyá mi, ní ọjọ́ kejì: kò sí nǹkan.

Ọjọ́rú ni òní. Ilẹ̀ ò tíì mọ́, kò sì ní í mọ́ títí di aago mẹ́wàá.
Mi ò pè é.
Mo ha yìnyín kúrò lójú ọkọ̀, mo gba ọ̀nà adágún.
Mo bá iná yàrá ìdáná ní títàn.
Kí n tó kan ilẹ̀kùn,
mo kọ́kọ́ ti etí mọ́ ọn.